Òógùn Jethro Ni Mo Ń Fi Pamọ́

Ọ̀rẹ́ mi Jethro Ìbítóyè kọ ebè sí oko mi. Nígbà tó kàn mí láti kọ ebè sí oko tirẹ̀, n kò lọ. Mo purọ́ pé ẹsẹ̀ mi wú, mo jókòó sí Kàbà, mo ń tọ́jú owó.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òǹkàwé ti máa ń bá ìtàn ẹni tí ọtí bà jẹ́ pàdé nínú ìwé ìròyìn yìí, àti ti ẹni tí tẹ́tẹ́ sọ di ẹdun arinlẹ̀. Ẹ má bínú sí tèmi. N kì í mu ọtí, n kò ta tẹ́tẹ́ rí. Ìfowópamọ́ ló bà mí jẹ́.

Isaiah Olúbọ̀dé ni orúkọ mi, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Adé ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ní ọdún 1956, nígbà tí òjò ń lọ sópin, àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin dá àáró sílẹ̀. Lájídé ni àgbà wa. Ọlọ́runfẹ́mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Jethro, lẹ́yìn náà èmi. Ẹ mọ bí àáró ṣe rí: gbogbo wa á jọ kọ ebè sí oko ẹnì kan títí yóò fi tó, a ó tó bọ́ sí oko ẹlòmíràn. Kò sí owó níbẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yá ara wa, ọwọ́ náà la sì fi ń san án.

Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí tèmi ṣáájú. Mo ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ akọ̀wé sí ọ́fíìsì kan ní Kàbà, n kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò pè mí.

Lájídé ní, "Ta ni yóò gbẹ̀yìn?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn, ilẹ̀ lè ti máa le kó tó kàn án, nítorí bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì dé, ọkọ́ kì í wọ ilẹ̀ ìlú wa mọ́.

Jethro ní, "Èmi á gbẹ̀yìn. Ibo ni ẹ ń lọ? Ṣé ẹ fẹ́ sá ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló dún jù.

Òun gan-an ló sì yẹ kó ṣáájú wa. Bàbá Rachel, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti sọ fún un pé, "Lọ́dún yìí, mo fẹ́ rí oko. Bí mo bá rí oko iṣu tó ní láárí, ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí n kò bá rí i, ẹ dúró di ọdún mìíràn." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí bàbá náà máa sún wọn síwájú. Rachel sì ti sọ pé òun kò ní dúró di ìgbà tí irun òun á funfun.

Wọ́n kọ ebè tèmi. Jethro a máa kọrin, a máa bá ebè sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àgùntàn ni. Ìyá mi gún iyán fún wọn. Oko mi wá rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kò pẹ́ sí i, wọ́n pè mí síṣẹ́ ní Kàbà.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, Lájídé bi mí pé, "Isaiah, àáró wa ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Sátidé ni kí ẹ máa fi iṣẹ́ sí. Gbogbo Sátidé ni mo máa wá. Mo búra."

"Ilẹ̀ kò mọ Sátidé o."

Jethro ló gbà mí sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi sí Sátidé, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́. Bó bá di ọ̀gá, kò ní gbàgbé wa."

Báyìí ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ oko wọn dúró de Sátidé nítorí tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo kórìíra ìrẹ́jẹ. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí àwọn ènìyàn bá rí mi ní òpópónà, wọ́n a yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí wọ́n mọ̀ pé màá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo máa ń bá dògarí jà nítorí owó orí àwọn aláìní. Mo máa ń bá obìnrin ẹlẹ́pà jà pé agolo ìwọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Mo sì ti pinnu pé màá di lọ́yà, kí n lè máa gbèjà àwọn tí wọ́n ń jẹ òógùn wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìlú Òyìnbó tó ń fi ẹ̀kọ́ òfin ránṣẹ́ sí ènìyàn nínú àpò ìwé. Ẹ̀kọ́ náà gba owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí káfíńtà kan kan kóló fún mi. Mo ní kó má fi ìlẹ̀kùn sí i, ihò tóóró kan ṣoṣo ni kó lu síbi tí owó yóò gbà wọlé.

Káfíńtà ní, "Báwo lo ṣe máa ṣí i?"

Mo ní, "N kò ní ṣí i."

Ó wò mí. "Nígbà náà, kí lo fẹ́ fi owó ṣe?"

Mo rò pé kò lajú ni.

Mo wá pín owó oṣù mi: ti ìdámẹ́wàá, ti ìyá mi, ti oúnjẹ, ti ilé tí mo gbà lọ́wọ́ Màmá Theresa, ti kóló. Ti kóló ló pọ̀ jù. Mo ń jẹ gààrí láàárọ̀, mo ń jẹ gààrí lálẹ́. Ní ọ̀sán, mo máa ń bẹ ọ̀rẹ́ wò. Màmá Theresa tó ni ilé a máa sọ pé, "Akọ̀wé, ọ̀fun rẹ á ti gbẹ bí ọ̀dàn." Mo máa ń dá a lóhùn pé ìjìyà ẹni tó fẹ́ gbèjà mẹ̀kúnnù ni.

Sátidé àkọ́kọ́ ní oko Lájídé, mo lọ. Mo kọ ebè títí ọwọ́ mi fi bó. Mo san owó ọkọ̀ lọ, mo san owó ọkọ̀ bọ̀. Nígbà tí mo padà dé Kàbà, mo ra òrí láti fi pa ọwọ́. Kò ku ohun tí màá jù sínú kóló lọ́sẹ̀ náà. Mo gbé e, mo mì ín, ó dún bákan náà bó ṣe dún lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó dùn mí bí ẹni pé ẹnì kan kú.

Sátidé kejì, orí fọ́ mi. Òótọ́ ni o, orí fọ́ mi. Mo fi iṣẹ́ rán dírẹ́bà lọ́rì sílé pé ara mi kò yá. Ní ìrọ̀lẹ́, orí fífọ́ ti lọ, owó ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo jù ú sínú kóló. Kọ̀ǹ. Kọ̀ǹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí Sátánì bá fẹ́ mú ọ̀mùtí, yóò gbé ìgò wá. Bó bá fẹ́ mú irú èmi, ìró ṣílè nínú àpótí ló máa lò.

Nígbà tí Sátidé mìíràn sún mọ́lé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí fífọ́ kiri. Kò wá. Mo mú ikọ́ dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mú inú rírun. Ara mi le bí igi àyàn nígbà tí mò ń sọ gbogbo rẹ̀ fún dírẹ́bà.

Dírẹ́bà ní, "Akọ̀wé, àìsàn rẹ yìí, Jímọ̀ nìkan ló mọ̀?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń fà á."

Ohun tí n kò mọ̀, tàbí tí n kò fẹ́ mọ̀, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ìyá mi ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Nígbà tí n kò wá sí oko Lájídé, Lájídé sọ ọkọ́ sílẹ̀ ó ní òun kò gbà. Jethro ní, "Ara Isaiah kò yá, ẹ̀gbọ́n. Àìsàn kò mọ ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ kí n bá a kọ tirẹ̀." Bó bá kọ ilà ebè tirẹ̀ tán, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á kọ ilà tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní oko Ọlọ́runfẹ́mi. Àwọn yòókù á ti jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì, wọ́n á ti máa fọ ọwọ́ láti jẹun. Jethro nìkan ni yóò wà nínú oòrùn, tí yóò máa kọ ebè àìsàn mi.

Nígbà tí ìyá mi sọ èyí, ojú tì mí. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé màá háyà alágbàṣe láti rọ́pò mi ní oko Jethro. Àáró gbà bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ oko nítòsí ọjà Kàbà, mo bi í ní iye tó ń gbà lóòjọ́. Ó sọ ọ́.

Inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tí o gbà kí wọ́n máa yàn ọ́ jẹ báyìí? Owó yìí kéré! Ìrẹ́jẹ gbáà ni!"

Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Nígbà náà, ẹ fi nǹkan lé e."

Mo ní, "Rárá, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni."

Mo padà sílé. N kò háyà ẹnikẹ́ni. Owó tó sọ yẹn, bó ti kéré tó, ó pọ̀ lójú mi.

Sátidé Jethro wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Dírẹ́bà ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí?"

Mo ronú. "Sọ pé ẹsẹ̀ mi wú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mi ò lè fi tẹlẹ̀."

Mo rò pé àwọn mẹ́ta yòókù á kọ ọ́ lọ láìsí mi. Wọn kò kọ ọ́. Lájídé gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Àáró tí kò pé kì í ṣe àáró. Ọjọ́ tí Isaiah bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ oko yìí, èmi náà á wá." Ọlọ́runfẹ́mi tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ebè tiwọn ti pé lóko wọn, kí ni wọ́n tún ń wá? Sátidé kan kọjá bẹ́ẹ̀. Òmíràn tún kọjá. Jethro kò dá ebè kọ, ó ní àáró lòun ń dúró dè. Òjò kan rọ̀ díẹ̀, ó dá. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti Òkè Ọya.

Ní àsìkò yẹn gan-an, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kàbà ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, alága ẹgbẹ́ náà, wá bá mi. Ó ti gbọ́ ìròyìn kóló mi lẹ́nu Màmá Theresa.

Ó ní, "Isaiah, àwọn ọ̀dọ́ wa ń ná owó bí omi. Wá sọ fún wọn bí ọmọkùnrin ṣe ń fi owó pamọ́."

Mo ní, "Kì í ṣe owó nìkan, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi òdodo kún un."

Inú mi dùn débi pé mo ra ṣúgà sínú gààrí lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé la fi ọ̀rọ̀ náà sí, ní yàrá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀. Mo dúró sórí pèpéle, mo wọ bàtà tí mo ti kùn títí ó fi ń dán. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń pín owó oṣù mi. Mo ṣàlàyé gààrí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni mo wá gbé ohùn sókè.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, owó tí kò mọ́ kì í ṣe owó! Ẹni tó bá jẹ òógùn ẹnìkejì rẹ̀, olè ni! Ìbáà wọ ṣòkòtò gígùn, ìbáà mọ̀wé, olè ni!"

Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu pèpéle kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé. Pèpéle dún gbì.

Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí Jethro lẹ́nu ọ̀nà.

Eruku bò ó títí dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ẹ̀kìnrìn-Adé, kó má bàa san owó ọkọ̀. Rachel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Wọ́n ti kọ́kọ́ dé ilé Màmá Theresa, wọ́n ní àwọn wá wo aláìsàn. Màmá Theresa ní, "Aláìsàn wo? Akọ̀wé ti sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti àárọ̀. Ó fo kòtò tó wà níwájú ilé yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń pariwo nínú balùwẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, mo ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ń fajú ro, mo ń kí wọn ní èdè ìlú wa. "Háà, Jethro, okun o. Rachel, okun o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ yìí…"

Rachel sọ igbá kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Òrí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewé tí ìyá rẹ̀ yan fún ẹsẹ̀ wíwú, àti iyán tí wọ́n fi ewé dì. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó fara balẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Ṣé wọ́n ń gba ìbéèrè níbí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, tí kò mọ nǹkan kan, ní, "Béèrè, ọmọbìnrin. Béèrè."

"Ẹsẹ̀ wo ló wú?"

Mo ní, "Eléyìí."

"Òsì nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni dírẹ́bà sọ fún wa."

Ẹnì kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti ń rìn kiri nínú ara rẹ̀ ni!" ohùn kan wí.

"Kó fi ara balẹ̀, ó máa dé orí láìpẹ́!"

Rachel kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ẹ ń wò yìí kọ ebè sí oko Lájídé àti oko Ọlọ́runfẹ́mi, gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn. Ẹ wo ọwọ́ tó fi kọ ọ́." Ó fa ọwọ́ Jethro sókè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún wọn. "Oko ẹni tó ni ọwọ́ yìí kò ní ebè ẹyọ kan."

Ojú ti Jethro. Jethro ni ojú ń tì, ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe èmi. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ó sàn kó gbá mi létí ju kó sọ ọ́ lọ.

Ó ní, "Isaiah, ara rẹ ti yá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀rù ti ń bà mí."



Ó ní, "Ṣé wàá wá ní Sátidé tó ń bọ̀? Bóyá ilẹ̀ á ṣì gbà. Bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló yẹ kí n wí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo ti dúró níwájú àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé olódodo ni mí. Mo ní, "Jethro, n kò ní rẹ́ ọ jẹ. Gbogbo iṣẹ́ tí o bá mi ṣe, màá san owó rẹ̀."

"Owó?"

"Owó. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò sókè, pẹ̀lú ìka ọwọ́. "Ọjọ́ tí o kọ tèmi lóko Lájídé, ká sọ pé ṣílè báyìí. Ti oko Ọlọ́runfẹ́mi, ṣílè báyìí. Ti oko mi… àmọ́ o rántí pé ìyá mi gún iyán fún yín. Ẹran wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá yọ…"

Rachel ké gbàjarè. "Ó ń yọ owó iyán! Ẹ gbà mí o, ó ń yọ owó iyán!"

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ká ọwọ́ lérí. "Ọmọ ta ni?" ló ń bi àwọn ènìyàn. "Ọmọ ta nìyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí." Ó gbàdúrà fún gbogbo àwọn arìnrìn-àjò, fún àwọn àgbẹ̀, fún òjò, fún Rachel àti Jethro. Ó fò mí.

Nígbà tí mo la ojú, Jethro ti lọ. Igbá òrí náà ṣì wà lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n fi iyán sílẹ̀ fún mi.

Mo fi òòlù fọ́ kóló ní ọjọ́ náà. N kò dúró de Sátidé. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ lọ́rì, mo di gbogbo owó náà sínú aṣọ. Ọ̀dọ̀ Lájídé ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó gbé ọkọ́ kan fún mi, ó ní, "Wá ká jọ lọ."

A dé oko Jethro. Lájídé ní, "Kọ ebè kan."

Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dún ko, bí ìgbà tí wọ́n bá lu àwo. Ọwọ́ mi ta mí dé èjìká. Ilẹ̀ ha díẹ̀, kò ṣí.

Lájídé ní, "Ilẹ̀ ti lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú."

"Isaiah, ilẹ̀ ti lọ. Èmi náà mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti wá láìdúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ilẹ̀ ti lọ."

Mo bá Jethro lẹ́nu ọ̀nà abà rẹ̀. Ó ń ṣa èbù iṣu tó fẹ́ gbìn, ó ń to àwọn tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti ń rà. Àwọn kan ti ń hù, ọwọ́ wọn gùn bí ìka ọmọdé. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo gbé owó náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyí. N kò yọ nǹkan kan."

Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "O kò yọ owó iyán?"

"Jethro, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Dìde. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Kò fọwọ́ kan owó. "Kí ni kí n fi ṣe? Ṣé màá fi háyà ẹni tó máa kọ ebè sórí àpáta ni? Àbí màá kó o lọ fún Bàbá Rachel kí n ní kó wá wo oko mi, pé inú aṣọ ló wà?"

"Kí ni bàbá náà sọ?"

"Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀." Ó mú èbù kan, ó nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. "Rachel kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo sunkún. N kò ní fi pa mọ́ fún yín, ìpamọ́ ti tó mi. Jethro kò ní kí n dákẹ́. Ó ń ṣa èbù rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó dá ọwọ́ dúró.

"Oko tìrẹ ńkọ́?" ló wí. "Kí lo gbìn sí i?"

"Kò tíì sí nǹkan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀? Láti ìgbà yẹn?"

Mo ní, "Mò ń dúró kí owó èbù wálẹ̀ lọ́jà. N kò fẹ́ ná owó tí…"

N kò lè parí rẹ̀. Jethro ti wó sẹ́yìn lórí àkójọ èbù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ mi, "Isaiah! Isaiah o!" Èmi kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo di owó mi, mo lọ sílé ìyá mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fọ ojú lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi ti oko ìtòsí dé.

Ó ní, "Isaiah, Jethro wà lóko rẹ o."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀, Ìyá?"

"Lọ wò ó. Mo kí i, ó kí mi dáadáa. Òun àti Rachel ni."

Mo wọ bàtà. Lójú ọ̀nà, ẹ̀mí lọ́yà tó wà nínú mi jí, bó ti wù kí ojú tì mí tó. Mo ń to ọ̀rọ̀ pọ̀: pé ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ bàbá mi ni, pé ẹnikẹ́ni kì í wọ oko ẹlòmíràn láìgbàyè, pé ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Bí mo ti ń rìn, mo ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún igbó.

Mo dé ibẹ̀. Rachel ń pín èbù láti inú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan síwájú ebè kọ̀ọ̀kan. Jethro ń tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo oko mi ni wọ́n mú. Wọ́n mú ìhà tí Jethro fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èyí tó ń bá sọ̀rọ̀ bí àgùntàn. Wọ́n tún mú ilà díẹ̀ lé e, èyí tó ṣe déédéé pẹ̀lú iṣẹ́ tó bá mi ṣe lóko àwọn yòókù. Ó ti ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ níbi tí tirẹ̀ parí sí. Lẹ́yìn igi náà, ebè yòókù wà lófìfo bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Mo ní, "Jethro, oko mi nìyí."

Kò yára gbé ojú sókè. "Oko rẹ ni. N kò ní mú ilẹ̀ rẹ lọ. Bí mo bá ti wa iṣu tán, ilẹ̀ rẹ á wà níbẹ̀."

"O kò béèrè lọ́wọ́ mi."

"Rárá," ló wí. "N kò béèrè."

Mo la ẹnu láti sọ gbogbo ohun tí mo ti tò jọ lójú ọ̀nà. Rachel dúró pẹ̀lú èbù lọ́wọ́, ó ń wò mí, ó ń retí rẹ̀. N kò rí ọ̀kan sọ nínú wọn.

Jethro ní, "Rachel ti bẹ bàbá rẹ̀, ó gbà láti wá wo oko lọ́sàn-án. Màá sọ fún un pé ilẹ̀ tìrẹ ni, ebè tèmi ni. Bó bá bi ọ́, kí lo máa sọ?"

Mo ní, "Pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dára."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àdá gbẹ́ ihò sórí ebè tó kàn, ó ti èbù bọ inú rẹ̀, ó kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó fi koríko gbígbẹ dé e lórí. Ó sì bọ́ sí òmíràn.